Ṣé ẹbí lè parí ẹ̀sùn ìfipábánilòpọ̀ nílé?

Ìyá Aránṣọ, Òkè-Báálẹ̀
Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ọmọbìnrin ẹni ogún ọdún kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi sọ fún mi lálẹ́ àná pé ọkùnrin àdúgbò kan fipá bá òun lò pọ̀. Láàárọ̀ yìí, àwọn àgbà ilé ọkùnrin náà gbé owó àti ẹ̀bẹ̀ lọ bá bàbá rẹ̀. Wọ́n ní ọmọ náà kò lọ́gbẹ́, kò pariwo, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló sì fi rìn wọ yàrá, nítorí náà kí a parí rẹ̀ nílé. Bàbá rẹ̀ ti fẹ́ gbà fún wọn. Ṣé bí òfin ṣe wí nìyẹn?

Lọ́yà Òkè-Fìà
Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá. Ẹ bá mi bẹ bàbá ọmọ náà kí ó má fọwọ́ kan owó yẹn. Abala 357 nínú Ìwé Òfin Ìwà Ọ̀daràn tí a jogún ní gúúsù Nàìjíríà sọ pé ìfipábánilòpọ̀ ni kí ọkùnrin bá obìnrin lò pọ̀ láìjẹ́ pé ó gbà, tàbí kí ó gbà kìkì nítorí pé wọ́n fipá mú un, wọ́n halẹ̀ mọ́ ọn, ẹ̀rù ń bà á, tàbí wọ́n fi irọ́ bò ó lójú nípa ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe. Kò sí ibi tí ó ti béèrè ọgbẹ́ tàbí ariwo. Jìnnìjìnnì lè gba ohùn lẹ́nu ènìyàn. Wíwọ yàrá kì í sì í ṣe gbígbà. Ìjìyà rẹ̀, lábẹ́ abala 358, lè tó ẹ̀wọ̀n gbére. Ẹni tó gbìyànjú tí kò rí i ṣe lè lọ ẹ̀wọ̀n ọdún 14. Ìfọwọ́kàn àìtọ́ sí obìnrin kò ju ọdún 2 lọ, èyí sì kéré jù lójú tèmi.

Ìjọba ló ń pe ẹjọ́ ọ̀daràn, ẹbí kò lè pa á rẹ́. Abala 127 sọ pé ẹni tó bá gba owó kí ó lè bo irú ẹ̀ṣẹ̀ tó tó ẹ̀wọ̀n gbére mọ́lẹ̀ lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún 7. Bàbá tó yẹ kó dúró ti ọmọ rẹ̀ lè di olùjẹ́jọ́.

Nọ́ọ̀sì kan
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ìpàdé ẹbí gba àkókò. Bí kò bá tíì wẹ̀, kí ó ní sùúrù títí ẹ ó fi dé ilé ìwòsàn. Ẹ kó aṣọ tó wọ̀ sínú àpò bébà, kì í ṣe ọ̀rá, nítorí ọ̀rinrin inú ọ̀rá máa ń ba ẹ̀rí jẹ́. Oògùn tó ń dènà kòkòrò HIV gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 72. Bí ó bá ti wẹ̀ pàápàá, ẹ ṣì gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ti UNIOSUN, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, wà níbí ní Òṣogbo.

Tíṣà Ìgbọ̀nà
Ọmọkùnrin ńkọ́? Wọ́n máa ń sọ pé òfin kò mọ̀ ọ́n.

Lọ́yà Òkè-Fìà
Abala 357 kò mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Òfin VAPP, òfin tó de ìwà ipá sí ènìyàn, tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2015 ló fẹ ìtumọ̀ náà lójú, tí ó fi kan ẹnikẹ́ni, ọkùnrin àti obìnrin. Abuja nìkan ni ó dé. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, Ọ̀ṣun pẹ̀lú, ló ń ṣe tirẹ̀. Nínú ti 2015, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá pawọ́ pọ̀ ṣe é, ẹ̀wọ̀n wọn kò gbọdọ̀ dín ní ọdún 20, kò sì sí owó ìtanràn níbẹ̀. Adájọ́ tún lè pàṣẹ owó gbà-má-bínú fún ẹni tí wọ́n ṣe níkà.

Màmá, ẹ bá ọmọ náà lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá lónìí, kí ẹ ní kí ọlọ́pàá obìnrin gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀.