Ṣé kí a yọ òrùlé tí ó kọjú sí àríwá kúrò nínú ìṣirò sólà ní Ìlọrin?

Ọmọ Pàkátà:
Mo kí gbogbo ilé o. Ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò wa fẹ́ mọ iye iná tí a lè rí bí a bá gbé pánẹ́ẹ̀lì sólà sórí àwọn ilé wa, láti Pàkátà títí dé ìtòsí Ọjà Ọba. Mo ti fi àwòrán sátẹ́láìtì wọn bí òrùlé kọ̀ọ̀kan ṣe fẹ̀ tó, ṣùgbọ́n ìwé ìtọ́nisọ́nà tí mo ń lò, tí wọ́n kọ fún àwọn ìlú Yúróòpù, ní kí n yọ gbogbo òrùlé tí ó kọjú sí àríwá kúrò. Bí mo bá ṣe bẹ́ẹ̀, ohun tí yóò lọ pọ̀ jù. Ṣé ó tọ́ bẹ́ẹ̀? Kí ni ó sì yẹ kí n yọ ní tòótọ́?

Onísólà Táńkẹ́:
Ẹ má yọ wọ́n o. Ìlọrin wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 8.5 sí àríwá ìlà tí ó pín ayé sí méjì. Nítorí náà, láti nǹkan bí àárín oṣù kẹrin títí di ìparí oṣù kẹjọ, ọwọ́ àríwá ni oòrùn ọ̀sán máa ń wà sí wa. Ní Berlin, gúúsù ni oòrùn ọ̀sán ń wà látìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin, ìdí nìyẹn tí ìlànà yẹn fi bá wọn mu. Lóòótọ́, òrùlé tí ó kọjú sí àríwá yóò pàdánù níhìn-ín nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, pàápàá ní oṣù kejìlá. Ṣùgbọ́n bí ìdagẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò bá ju ìwọ̀n 15 lọ, ohun tí yóò fi dín sí ti gúúsù lọ́dún kan kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ.

Ẹ tún rántí pé ìkùukùu òjò àti eruku ọyẹ́ máa ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ ká, ìmọ́lẹ̀ tí ó bá sì ti fọ́n ká, gbogbo ojú ọ̀run ni ó ti ń wá, kò ka ibi tí òrùlé kọjú sí sí. Ìlú wa kò ṣàìní àkọsílẹ̀ nípa èyí: ní 1992 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ìtànṣán oòrùn ní Yunifásítì Ìlọrin fún ìsokọ́ra ibùdó àgbáyé kan, nígbà tí ó sì di 1998, ẹ̀rọ AERONET ti NASA, tí ń wọn eruku inú afẹ́fẹ́, dé síbẹ̀ pẹ̀lú. Kí ẹ tó yá nọ́ńbà ìlú ẹlòmíràn lò, ẹ wo ti ilé ná.

Fún ìṣirò kíákíá: bí òrùlé bá jẹ́ mítà 100 onígun mẹ́rin, tí ẹ sì lè lo ìdajì rẹ̀, pánẹ́ẹ̀lì òde òní yóò fún yín ní nǹkan bíi kílówáàtì 10. Ẹ ka oòrùn kíkún (ìyẹn bí a bá kó gbogbo ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ kan jọ sí wákàtí tí oòrùn mú gan-an) sí wákàtí 5 lójúmọ́, kí ẹ sì yọ ìdá kan nínú mẹ́rin nítorí ooru, eruku àti ohun tí ń ṣòfò nínú wáyà àti ínfátà. Ẹ ó rí nǹkan bíi kílówáàtì-wákàtí 37 lójúmọ́. Ooru kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré o: ìwọ̀n 25 ni wọ́n fi ń dán pánẹ́ẹ̀lì wò nílé iṣẹ́, ṣùgbọ́n lórí pánù wa nínú oṣù kẹta, ó lè gbóná dé 60, èyí tí ó ń jẹ ju ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára rẹ̀ lọ. Ẹ fi àlàfo sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè gbà á kọjá.

Ẹnjiníà Adéwọlé:
Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ àríwá yẹn pátápátá, ṣùgbọ́n ìdajì tí àbúrò mi fi ṣe ìṣirò ti pọ̀ jù fún Pàkátà. Ilé tí mo bá ń yẹ̀ wò, igi òrùlé ni mo kọ́kọ́ máa ń wò. Pánẹ́ẹ̀lì pẹ̀lú irin tí ó gbé e dúró lè tó kílò 15 lórí mítà kan onígun mẹ́rin, ìjì ìbẹ̀rẹ̀ òjò sì tún ń fẹ́ láti gbé e lọ. Nínú àwọn agbo ilé àtijọ́, a máa ń bá ilé alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ lára, igi tí ikán ti jẹ, àti pánù tí ó ti dógùn-ún. Sátẹ́láìtì kò lè fi èyí hàn yín, àfi kí ènìyàn gun àkàbà. Ẹ tún yọ ibi tí òjìji tánkì omi àti igi dóńgóyárò ń bò láàárín agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ sí mẹ́ta ọ̀sán, nítorí òjìji kékeré lórí pánẹ́ẹ̀lì kan lè fa gbogbo àwọn tí wọ́n so pọ̀ mọ́ ọn sẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ ẹbí náà tún wà níbẹ̀. Òrùlé agbo ilé kì í ṣe ti ẹnì kan; bí mọ́gàjí àti àwọn àgbà kò bá tíì fohùn ṣọ̀kan, ẹ má kà á mọ́ èyí tí ẹ lè lò.

Ọmọ Pàkátà:
Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ilé tí ó wà nínú àwòrán náà pọ̀. A kò lè gun gbogbo wọn.

Ẹnjiníà Adéwọlé:
Ẹ kò nílò láti gun gbogbo wọn. Ẹ pín ilé sí oríṣi: agbo ilé àtijọ́, ilé bíríkì alájà kan, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ilé ẹ̀kọ́ àti ṣọ́ọ̀bù. Ẹ yẹ díẹ̀ wò nínú oríṣi kọ̀ọ̀kan, ìdá tí ẹ bá rí pé ó ṣeé lò níbẹ̀ ni kí ẹ fi ṣírò àwọn yòókù. Ilé ẹ̀kọ́ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, nítorí òrùlé wọn gùn, ẹni tí a ó gbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ kò pọ̀, ọ̀sán tí oòrùn ń ràn ni wọ́n sì ń lo iná.