Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: mo ti bọ́ sí mirrorless (kámẹ́rà tí kò ní dígí nínú) kékeré, lẹ́ńsì wo ni kí n rà?

Arìnjìnnà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi lo DSLR (kámẹ́rà onídígí) Nikon tó ní sẹ́ńsọ̀, ìyẹn ohun tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà, tí wọ́n ń pè ní APS-C. Lẹ́ńsì mẹ́rin ni mo máa ń gbé káàkiri: 18-55mm tó bá kámẹ́rà wá, 35mm f/1.8, 50mm f/1.8 àti 70-300mm (bí mm bá ṣe pọ̀ tó ni lẹ́ńsì ń fa nǹkan mọ́ra tó, bí nọ́ńbà f bá sì ṣe kéré tó ni ó ń gba ìmọ́lẹ̀ tó). Nígbà tó yá, èjìká ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí, ó wá di pé mò ń fi àpò náà sílé bí mo bá ń jáde. Mo ta gbogbo rẹ̀, mo bọ́ sí Micro Four Thirds ti Olympus, tí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ kéré sí APS-C, pẹ̀lú lẹ́ńsì 14-42mm f/3.5-5.6 pẹlẹbẹ tó máa ń yọ orí síta bí mo bá tan kámẹ́rà.

Àwọn ọmọ mi méjì ni mò ń yà jù, nínú ilé, lálẹ́, lábẹ́ iná. Mo tún máa ń fẹsẹ̀ rin ìrìn àjò, mo sì ń ya ẹyẹ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́ńsì 14-42mm yìí dára lọ́sàn-án, àmọ́ bí ilẹ̀ bá ti ṣú, bàìbàì ni àwọn ọmọ ń jáde. Owó ọwọ́ mi lè ra lẹ́ńsì méjì, kò lè ra mẹ́ta. Mo ti kà nípa 12-40mm f/2.8, nípa 17mm, 25mm àti 45mm f/1.8, àti nípa 20mm f/1.7 ti Panasonic. N kò mọ èyí tí mo máa mú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Ìràwọ̀Alẹ́

Ẹ kú oríire kámẹ́rà tuntun. Tèmi ò gùn: 12-40mm f/2.8 PRO. Láti ọdún mẹ́rin, òun nìkan ló wà lórí kámẹ́rà mi. Ohun tí 24-80mm ń rí lórí full frame (sẹ́ńsọ̀ ńlá tó tóbi ju APS-C lọ) ló ń rí, f/2.8 rẹ̀ kì í yí padà bí ẹ bá súùmù, wọ́n sì ti dí i mọ́ òjò wẹẹrẹ àti eruku. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn kò gbọ́dọ̀ máa ṣí ẹnu kámẹ́rà lójú ọ̀nà nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ń gbé eruku.

Bàbá Fọ́tò

Àbúrò, fi owó rẹ sápò ná. Gbogbo ẹni tó bá dá ọ lóhùn ni yóò sọ lẹ́ńsì tí òun fẹ́ràn, èmi náà sì ní tèmi, ṣùgbọ́n ojú olójú kò jọ ojú ẹni. Inú fọ́tò tí o ti yà ni ìdáhùn wà. Ṣí gbogbo èyí tí o yà lọ́dún tó kọjá lórí kọ̀ǹpútà. Fọ́tò kọ̀ọ̀kan ló gbé nọ́ńbà lẹ́ńsì tí o fi yà á sára, mílímítà mélòó, f mélòó, ètò tí o fi ń to fọ́tò sì lè bá ọ ṣà wọ́n. Èyí tí o fẹ́ràn débi pé o tọ́jú rẹ̀ ni kí o kà.

Lẹ́yìn náà, mú nọ́ńbà àtijọ́, sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta, kí o pín in sí mẹ́rin. Ìdí ni pé bí a bá fi full frame ṣe òṣùwọ̀n, sẹ́ńsọ̀ Nikon rẹ ń gé àwòrán ní ìlọ́po 1.5. Ti Micro Four Thirds, tí kò ju 17.3mm sí 13mm lọ, ń gé e ní ìlọ́po 2. Nítorí náà 35mm rẹ àtijọ́ ti di 26mm, 50mm ti di 37mm àti díẹ̀, 18mm ti di 13mm àti díẹ̀. Mo ti rí ẹni tó ra 50mm síbí nítorí pé nọ́ńbà yẹn ti mọ́ ọn lára. Ìgbà tó dé ilé ló rí i pé ọmọ tó jókòó ní iwájú òun kò gba inú àwòrán mọ́, àfi imú àti ẹnu.

ÌyáÌbejì

Ẹ̀gbọ́n Ìràwọ̀Alẹ́, mo ti lo lẹ́ńsì yín, ó dára gan-an. Àmọ́ ẹni tó ń ya ọmọ lálẹ́ lábẹ́ iná ló ń béèrè, f/2.8 kò tó o. Ìmọ́lẹ̀ tí f/1.8 ń gbà ju ìlọ́po méjì ti f/2.8 lọ. Níbi tí 12-40mm ti ń béèrè ISO (bí kámẹ́rà ṣe ń fi agbára kún ìmọ́lẹ̀) 3200, 25mm f/1.8 á ṣe é ní nǹkan bí 1250. Lórí sẹ́ńsọ̀ kékeré bíi tiwa, ojú rí ìyàtọ̀ yẹn: ní 3200, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe hóró-hóró, irun orí rẹ̀ á sì lẹ̀ pọ̀.

Ẹ máa gbọ́ pé kámẹ́rà Olympus ní ohun tó ń mú sẹ́ńsọ̀ dúró bí ọwọ́ bá ń gbọ̀n, pé ẹ ò nílò f/1.8. Òótọ́ ni pé ó lágbára. Mo ti fọwọ́ di kámẹ́rà mi mú fún ìdajì ìṣẹ́jú àáyá, tí ògiri àti àga sì jáde kedere. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tiyín ló ń dá dúró, kò lè dá ọmọ dúró. Ọmọ tó ń sáré yí tábìlì ká ń fẹ́ ìyára ṣọ́tà (àkókò tí kámẹ́rà fi ń gba ìmọ́lẹ̀) 1/250 ìṣẹ́jú àáyá. Èyí tó jókòó tó ń kun ìwé ń fẹ́ 1/125, ó kéré tán. Kò sí ohun tó lè fún yín nìyẹn bí kò ṣe ìmọ́lẹ̀. Nígbà tí àwọn ìbejì mi pé ọdún mẹ́ta, f/5.6 ni mo fi ya gbogbo ọjọ́ ìbí wọn, kò sí ẹyọ kan tó mọ́. Ó ṣì ń dùn mí títí dòní. Ẹ ra 25mm f/1.8 o.

Ìwúwo náà wà níbẹ̀. 25mm jẹ́ gíráàmù 137, 45mm jẹ́ 116. Bí ẹ bá da méjèèjì pọ̀, wọn ò tó 12-40mm nìkan, tó jẹ́ 382. Èjìká yín lẹ sọ pé ó gbé yín dé ibí.

Àtùpà

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí fún un. f/1.8 níbí, f/3.6 ni lórí full frame. Kí ẹni tó ń bọ̀ láti sẹ́ńsọ̀ tó tóbi jù má lọ rò pé ohun kan náà lòún rà.

Bàbá Fọ́tò

Àtùpà, nǹkan méjì lo dì pọ̀, jẹ́ ká tú u. Ní ti ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ́ sórí sẹ́ńsọ̀, f/1.8 ni f/1.8 níbikíbi: ISO kan náà, ìyára ṣọ́tà kan náà, àwòrán méjèèjì á mọ́lẹ̀ bákan náà. Ní ti bí ẹ̀yìn àwòrán ṣe ń di bàìbàì, òótọ́ lo sọ, f/3.6 ló jọ. Sẹ́ńsọ̀ kékeré sì ń tètè ṣe hóró-hóró ju èyí tó tóbi lọ, n kò jiyàn ìyẹn.

Ṣùgbọ́n kò ti full frame wá. APS-C ló ti wá, àárín méjèèjì kò jìnnà. Bí ó bá fẹ́ kí ẹ̀yìn àwòrán rọ̀ gẹ́lẹ́ bí 35mm f/1.8 rẹ̀ ti ń ṣe é, f/1.35 ló máa nílò. 25mm f/1.4 tí Panasonic ṣe pẹ̀lú orúkọ Leica ló sún mọ́ ọn jù, gíráàmù 200 ni. Fún ọmọ tó ń ṣeré, ìyàtọ̀ f/1.4 sí f/1.8 kò tó ohun tí èèyàn ń tìtorí rẹ̀ gbé ẹrù kún ẹrù. Ní f/1.8 pàápàá, tí o bá sún mọ́ ọmọ dáadáa, ojú kan lè mọ́ kí etí má mọ́.

Ẹsẹ̀Ò-Dúró

20mm f/1.7 ti Panasonic ni mo ní, mo fẹ́ràn rẹ̀ bí ojú: ẹ̀dà kejì rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 87, ó sì ń wọ àpò ẹ̀wù. Síbẹ̀, ẹ má rà á fún ọmọ. Ó máa ń lọ síwá sẹ́yìn kó tó mú fókọ́ọ̀sì, ọmọ á ti kúrò níbẹ̀. Ìgboro àti igun ilé tó dákẹ́ ni tirẹ̀.

Ẹnu kan náà ni kámẹ́rà Olympus àti Panasonic ní láti 2008 tí wọ́n ti jọ gbé e jáde, lẹ́ńsì èyí ń wọ tọ̀hún, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo nǹkan ló ń bá a lọ. Mo ra 15mm f/1.7 ti Panasonic nítorí òrùka f tó wà lára rẹ̀, òrùka náà kò ṣe nǹkan kan lórí Olympus mi. Láti ara kámẹ́rà ni mo ti ń yí i.

Olùṣọ́Ẹyẹ

Ẹyẹ kò ní gba gbogbo ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ mi. 40-150mm f/4-5.6 fúyẹ́, gíráàmù 190, ṣùgbọ́n 70-300mm yín àtijọ́ ń fà á mọ́ra ju bẹ́ẹ̀ lọ: yóò gbà yín ní 225mm níbí kí ẹ tó bá a dọ́gba. 75-300mm f/4.8-6.7 ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn, gíráàmù 423. Àmọ́ f/6.7 ń fẹ́ oòrùn. Abẹ́ igi ní ìdájí, wàhálà ni. Bó bá jẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni, ẹ jẹ́ kí ẹyẹ dúró.

Arìnjìnnà

Ẹ ṣeun gan-an, gbogbo yín. Mo ṣe ohun tí bàbá sọ, alẹ́ méjì ló gbà mí. Fọ́tò 1,146 ni mo tọ́jú lọ́dún tó kọjá. 35mm ló ya 612 nínú rẹ̀! 18-55mm ya 371, mo sì ya 240 nínú ìyẹn ní 18mm gan-an, níta, lọ́sàn-án. 70-300mm ya 89. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni 50mm. Òun ni mo máa ń pè ní lẹ́ńsì àyànfẹ́ mi, 74 péré ló yà. Mo sì ti fẹ́ ra 45mm nítorí rẹ̀.

Bàbá Fọ́tò

O rí i. 612 yẹn ti di 25mm. 240 tó jẹ́ 18mm, 14mm tó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́ńsì pẹlẹbẹ rẹ ti gbà á, ọ̀sán ni, ìmọ́lẹ̀ kò wọ́n ọ. Ra ẹyọ kan. Lò ó fún oṣù mẹ́ta kí o tó fọwọ́ kan owó ìkejì.

Ìràwọ̀Alẹ́

Pẹ̀lú nọ́ńbà yìí, èmi náà á ra 25mm ṣáájú. Mo ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ òjò o: bí ìrìn ẹsẹ̀ yín bá ń pọ̀ sí i, ẹ wo 12-45mm f/4 PRO, gíráàmù 254. Òun náà kò bẹ̀rù òjò, ó sì fúyẹ́ ju tèmi lọ. Ẹ kàn rí i dájú pé wọ́n dí kámẹ́rà yín fúnra rẹ̀ mọ́ omi. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, lẹ́ńsì nìkan kò lè gbà á.

ÌyáÌbejì

Bí ẹ bá ti rà á, ẹ tan fókọ́ọ̀sì tó ń wá ojú èèyàn, kí ẹ yàn án pé ojú tó sún mọ́ yín jù ni kó mú. Ẹ gbé ṣọ́tà sí 1/125, kí ẹ jẹ́ kí kámẹ́rà máa yan ISO fúnra rẹ̀, kó má kọjá 3200.

Arìnjìnnà

Ó ti dé láti ọjọ́ Ẹtì, 25mm f/1.8. Mo to kámẹ́rà bí Ìyá Ìbejì ṣe wí. Lálẹ́ ọjọ́ náà, àbíkẹ́yìn mi ń fi bébà ṣe adé lórí ilẹ̀, iná kan ṣoṣo ló wà nínú yàrá. Mo ya mẹ́tàdínlógún, mẹ́rìnlá mọ́ kedere, ISO kò kọjá 1600 nínú èyíkéyìí. Lánàá mo rìn fún wákàtí mẹ́rin, lẹ́ńsì pẹlẹbẹ wà lórí kámẹ́rà, 25mm wà nínú àpò ẹ̀wù mi, èjìká mi kò sọ nǹkan kan. Owó lẹ́ńsì kejì ṣì wà níbi tí bàbá ní kí n fi í sí.