Irorẹ́ lójú ọmọ ọdún 8: ṣé kò tètè dé jù báyìí?

ÌyáFèyí (Ìbàdàn):
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin òbí. Fèyí, ọmọbìnrin mi, ti pé ọmọ ọdún 8. Láti ìgbà tí wọ́n ti wọlé sáà yìí ni nǹkan ti ń yọ sí i lójú. Ó bẹ̀rẹ̀ bíi kókó wínníwínní lábẹ́ irun iwájú, ó wá sọ̀ kalẹ̀ dé imú. Orí àwọn kan dúdú bí ẹni fi bírò tọ́ ọ. Kì í yún un, ara rẹ̀ kò gbóná. Ó kàn máa ń fi èékánná tú u tó bá ń ṣe iṣẹ́ àmúrelé ni.

Ìyá ọkọ mi ní ẹ̀pà ló ń jẹ jù. Ẹni tó ń dirun fún wa ní Bódìjà ní kí n máa fi òróró pa á lórí dáadáa, nítorí náà ní gbogbo Sátidé la máa ń po òrí pọ̀ mọ́ àdí àgbọn fún irun rẹ̀, èyí tó bá ṣẹ́kù lọ́wọ́ mi a lọ síwájú orí. Aládùúgbò mi kan wá gbé ìpara àpòpọ̀ wá nínú ike tí kò lórúkọ, ó ní ọjọ́ mẹ́ta péré lojú ọmọ á fi dán. Mi ò tíì ṣí i.

Ọjọ́ orí rẹ̀ gan-an ló ń jẹ mí lọ́kàn. Ọmọ ọdún 8! Ṣé ó ti fẹ́ bàlágà ni? Ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan pè é ní “àǹtí onírorẹ́” lánàá, ẹkún ló sun wọlé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ nípa rẹ̀ kó dá mi lóhùn.

BàbáKọ́lá:
Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, mà. Ìdọ̀tí ni. Ọṣẹ dúdú àti kànìnkànìn tó le díẹ̀ ni kí ẹ fi bó ojú yẹn láàárọ̀ àti lálẹ́, lẹ́yìn náà kí ẹ fi ọsàn wẹ́wẹ́ pa á.

Nọ́ọ̀sìAwọAra:
Ìyá Fèyí, ẹ má ṣí ìpara yẹn. Kí ẹ tó ka ohunkóhun mìíràn tí mo bá kọ, ìyẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́. Níbi ìtọ́jú awọ ara tí mo ti ń ṣiṣẹ́, irorẹ́ kọ́ ló ń dùn mí jù, ọmọ tí ìpara aláìlórúkọ ti ba ojú rẹ̀ jẹ́ ni. Clobetasol tàbí betamethasone ló sábà máa ń wà nínú wọn, oògùn sítẹ́rọ́ìdì tó le ni méjèèjì. Òótọ́ ni pé ojú á kọ́kọ́ dán. Ẹ bá dáwọ́ dúró báyìí, irorẹ́ á tú jáde ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, awọ á fẹ́lẹ́, iṣan ẹ̀jẹ̀ á máa hàn lábẹ́ rẹ̀. Awọ ọmọdé sì máa ń fa oògùn wọnú ara ju ti àgbà lọ. Bí wọ́n bá ń fi pa ọmọ fún ìgbà pípẹ́, ó lè dí gíga rẹ̀ lọ́wọ́.

Bàbá Kọ́lá, ẹ má bínú sí mi, ìdọ̀tí kọ́. Ọ̀rá àti awọ tó ti kú ló dí ihò ara, afẹ́fẹ́ tó kàn án ló sọ orí rẹ̀ di dúdú. Kànìnkànìn kò lè bó o, ọgbẹ́ ló máa dá. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ tí oòrùn bá pa mọ́ni lára sì lè jó awọ bí iná.

Ní ti ọjọ́ orí, ọkàn yín kó balẹ̀. Láti nǹkan bí ọdún 7 lọ, ẹṣẹ́ (gland) kan tó wà lórí kíndìnrín á bẹ̀rẹ̀ sí í tú họ́mọ̀nù díẹ̀díẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀, họ́mọ̀nù yìí ló ń mú kí awọ máa ṣe ọ̀rá. Ìdí nìyẹn tí irorẹ́ iwájú orí, imú àti àgbọ̀n fi lè ṣáájú ọmú, kó sì ṣáájú nǹkan oṣù fún ọdún mélòó kan. Ọmọ ọdún 1 sí 6 ló máa ń kó wa lóminú, nítorí ó yẹ kí họ́mọ̀nù wọ̀nyẹn ṣì dákẹ́ lára rẹ̀. Tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá ní irorẹ́ gidi, pàápàá tí irun ti ń hù sí i lábíyá tàbí lábẹ́, tí òógùn rẹ̀ ń rùn bíi ti àgbà, tó sì ń ga yọ láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀, dókítà á yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, á sì ya àwòrán egungun ọwọ́ rẹ̀. Ní ti Fèyí, tí ọmú bá ti sọ kó tó pé ọdún 8, ẹ sọ fún dókítà.

Ṣùgbọ́n òróró irun yẹn ni mo ń fura sí, nítorí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn oníṣègùn awọ ara ní Amẹ́ríkà ti kọ̀wé nípa rẹ̀ láti ọdún 1970: àwọn aláwọ̀ dúdú tó ń fi pòmédì parun ni irorẹ́ ń yọ sí níwájú orí àti ẹ̀bátí. Ẹ jẹ́ kí òróró mọ sí ìlà irun. Ẹ nu ọwọ́ yín sí aṣọ, kì í ṣe sójú ọmọ. Kó máa wé orí sùn, kí ẹ sì máa pààrọ̀ aṣọ ìrọ̀rí. Omi lọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ tí kò le ti tó, lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, ọwọ́ lásán ni kí ẹ fi wẹ̀ ẹ́. Ẹ fún un tó ọ̀sẹ̀ 6 sí 8. Tí kò bá rọlẹ̀, dókítà lè fún un ní ìpara irorẹ́ tó ń jẹ́ benzoyl peroxide 2.5%, èyí tó tó ẹyọ ẹ̀wà kan fún gbogbo ojú, kí ẹ kọ́kọ́ máa lò ó ní alẹ́ kan yọ alẹ́ kan. Ó máa ń bó aṣọ o, aṣọ ìrọ̀rí funfun ni kí ẹ tẹ́.

Ẹ̀pà kò ṣe nǹkan kan, ẹ jẹ́ kó máa jẹ ẹ̀pà rẹ̀. Tẹtirasáíkìlìn, kápúsù pupa àti yẹ́lò tí àwọn kan ń rà ní kẹ́místì, kò yẹ ọmọ tí kò tíì pé 8 rárá, torí ó ń ba àwọ̀ eyín jẹ́ títí ayé.

Àpá dúdú tí irorẹ́ bá fi sílẹ̀ á lọ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n á gba oṣù bíi mélòó kan. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ òbí ti ń kó sọ́wọ́ ìpara ìbóra. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù. Ẹ sì bá olùkọ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa orúkọ tí wọ́n ń pè é yẹn, kó má di mọ́ríyá fún gbogbo kíláàsì.

ÌyáDámi (Peckham):
Ẹ ṣé gan-an, Nọ́ọ̀sì. Mo fẹ́ fi èyí kún un: gbogbo ohun tó bá yọ lójú ọmọ kọ́ ni irorẹ́. Ọmọ ọdún 5 ni Dámi nígbà tí kókó kéékèèké yí ẹnu, imú àti ojú rẹ̀ ká. Hydrocortisone, ìpara sítẹ́rọ́ìdì kan, ni wọ́n kọ́kọ́ fún wa, ó ń lọ, ó ń bọ̀. Dókítà awọ ara ló sọ fún wa pé kò sí orí dúdú kankan níbẹ̀, nítorí náà kì í ṣe irorẹ́, pé ó wọ́pọ̀ lára àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú, ìpara sítẹ́rọ́ìdì ló sì ń fún un lágbára. Ó ní ká dá gbogbo ìpara dúró, ó fún un ní erythromycin, oògùn apakòkòrò oníṣírọ́ọ̀pù. Ó kọ́kọ́ burú sí i lóòótọ́, kó tó wá lọ pátápátá.

ÌyáÌkókó (Abẹ́òkúta):
Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́ mà, ọmọ tuntun ńkọ́? Tèmi pé ọ̀sẹ̀ 3, kókó pupa wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Màmá mi ní ká fi àdín pa á.

ÌyáFèyí:
Ọlọ́run á bù kún yín, Nọ́ọ̀sì. Mo ti da ìpara náà nù. Ṣé mo lè mú un lọ tààrà sí UCH, ilé ìwòsàn ńlá Ìbàdàn, àbí ibi tó sún mọ́ wa ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Nọ́ọ̀sìAwọAra:
Ìyá Fèyí, ẹ bẹ̀rẹ̀ níbi tó sún mọ́ yín. Tó bá gba kí wọ́n rán yín lọ sí UCH, wọ́n á kọ lẹ́tà fún yín. Ẹ kó gbogbo òróró àti ìpara tó ń lò dání.

Ìyá Ìkókó, ẹ kú oríire ọmọ. Ẹ má fi àdín pa á lójú, omi lásán ti tó. Irú rẹ̀ sábà máa ń lọ láàárín oṣù mélòó kan, kì í sì í fi àpá sílẹ̀. Èyí tó bá ń yọ lẹ́yìn oṣù 3 ló lè dá àpá, ẹ gbé ìyẹn lọ fún dókítà. Tí ara rẹ̀ bá gbóná, tí kò fẹ́ mu ọmú, tàbí tí kókó náà bá ń ṣọyún, ẹ má dúró di ọjọ́ kejì.