Ta ló mọ ẹni tó ń ta sẹlò inú àwo bàbá mi yìí?

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ràn mí lọ́wọ́. Àjàṣẹ́ ni mo ń gbé. Nínú àpótí tí bàbá mi fi sílẹ̀, láàárín àwo sákárà àti àpàlà, mo rí ọ̀kan tí ikán ti jẹ páálí rẹ̀ tán. Orúkọ Elgar, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń kọ orin sílẹ̀ fún àwọn olórin, nìkan ló ṣì hàn.

Sẹlò, tó dà bí gòjé ńlá tí wọ́n ń gbé sáàárín orúnkún, ló dá bẹ̀rẹ̀, ó wúwo bí ohùn ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Ẹ̀yìn náà ni àwọn yòókù rọra wọlé. Omi bọ́ lójú mi. Ní ojú kejì, obìnrin kan ń kọrin òkun.

Mo mọ̀ pé Elgar parí iṣẹ́ sẹlò yìí ní 1919, àti pé Jacqueline du Pré, obìnrin tó ń ta sẹlò, gbà á sílẹ̀ ní 1965 pẹ̀lú ẹgbẹ́ olórin London Symphony Orchestra, tí John Barbirolli darí wọn. Ṣé òun náà nìyí? Ṣé nọ́ńbà tí wọ́n fín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò àárín àwo lè sọ fún mi?

Àwo náà tún máa ń fò níbì kan. Kí ni mo lè fi fọ̀ ọ́ tí kò ní bà á jẹ́? Níbo ni mo ti lè rí abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ àwo rà, níbí tàbí ní Kútọnu? Èyí tó wà lọ́wọ́ mi ti ń kú lọ.