Montessori nílé ní Abẹ́òkúta láìná owó gọbọi: ẹ kó ohun tí ẹ mọ̀ wá

Ìyá Jẹ́lé-ó-sinmi, Kútọ̀:

Montessori ni ọ̀nà ìkọ́ni tí ọmọ fi ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ nǹkan, pẹ̀lú ohun èlò tí ọwọ́ rẹ̀ tó. Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ẹ kọ́kọ́ kúnlẹ̀ nínú pálọ̀ yín, kí ojú yín bá ti ọmọ ọdún mẹ́ta dọ́gba. Ohunkóhun tí ọwọ́ yín kò bá tó láti ibẹ̀, kì í ṣe ti ọmọ. Ìdí nìyẹn tí pẹpẹ fi ṣáájú.

Ìlàjì plywood kan tó pẹpẹ kan. Odidi rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 8 sí 4, ìlàjì jẹ́ 4 sí 4. Kí káfíńtà gé pákó mẹ́rin tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 3, àti méjì tó gùn ní 2. Kí gbogbo wọn fẹ̀ ní 1, ẹ má ka ìwọ̀nba tí ayùn bá jẹ. Mẹ́ta nínú àwọn tó gùn ni òkè, àárín àti ìsàlẹ̀, ìkẹrin ni kó kàn mọ́ ẹ̀yìn kó má baà máa mì; àwọn kúkurú méjì ni ẹ̀gbẹ́. Kó so ó mọ́ ògiri, torí ọmọ á gùn ún. Ilé alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ kì í sábà di ìṣó mú dáadáa: bí tiyín bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kó ga ní ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀ péré, kí ẹ sì kó ohun tó wúwo sí ìsàlẹ̀.

Iṣẹ́ (ohun tí ọmọ á máa fi ọwọ́ ṣe) mẹ́fà sí mẹ́jọ ló yẹ orí ẹ̀, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní tíréè tirẹ̀. Bó bá di ogún, ọmọ á da gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, kò sì ní mọ ibi tó ti mú èwo. Fún dídà láti ife sí ife, ẹ fi ìrẹsì bẹ̀rẹ̀, ìlàjì ife, kó tó kan omi. Kí omi náà má ju ohun tí àkísà kan lè fà tán. Bó bá jẹ́ ẹ̀wà lẹ lò, kòkòrò á mú un, ẹ máa pààrọ̀ ẹ̀. Ọmọ tó ṣì ń kó nǹkan sẹ́nu kò gbọdọ̀ rí ẹ̀wà tàbí ọmọ ayò nítòsí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé ti olówó ni Montessori, ẹ gbọ́: ọmọ àwọn òṣìṣẹ́ tí kò rí jájẹ ní San Lorenzo, ní Róòmù, ni dókítà Maria Montessori fi bẹ̀rẹ̀ ní 1907.

Bàbá Káfíńtà, Láfẹ́nwá:

Ọ̀pá ìṣirò tí ọmọ fi ń kọ́ kíkà ni tèmi: igi onígun mẹ́rin, íǹṣì kan sí íǹṣì kan. Mẹ́wàá ni, láti sẹ̀ǹtímítà 10 dé 100. Igi ẹsẹ̀ bàtà 12 méjì ti tó bí ẹ bá mọ̀ ọ́n gé: láti ara ọ̀kan, 100, 90, 80, 70 àti 20, láti ara èkejì, 60, 50, 40, 30 àti 10. Ẹ kun sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá-mẹ́wàá ní pupa àti búlúù, kí pupa máa ṣáájú. Ọ̀dà tí kò ní òjé ni o.

Tíṣà Yorùbá:

Ẹ ṣé, Bàbá. Lẹ́tà ni mo fẹ́ fi kún un. Lẹ́tà sánpépà, èyí tí ọmọ á máa fi ìka tọ̀, jẹ́ 25 ní Yorùbá wa, kì í ṣe 26 ti Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń tà lọ́jà. Fáwẹ́lì méje lórí pákó búlúù, kọ́ńsónáǹtì 18 lórí pupa. Pákó kan ṣoṣo ni *gb* máa ń gbà, ìró kan ni. Kí àmì abẹ́ *ẹ*, *ọ* àti *ṣ* náà jẹ́ sánpépà, kí ìka lè bá a pàdé.

Sánpépà nọ́ńbà 120 dára. 80 á ha ìka ọmọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ ó ti ya lẹ́tà, ní òdìkejì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ bí ẹ bá yí i padà, *b* á di *d*. Àjákù plywood ni kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́. Páálí máa ń fa omi lásìkò òjò, lẹ́tà á sì ṣí.

Méjì ni ẹ máa fi kọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, èyí tó jìnnà síra: *a* àti *s*, kì í ṣe *e* àti *ẹ*. "Èyí ni *a*." Lẹ́yìn náà, "Fi *a* hàn mí." Ẹ̀yìn ìyẹn ni "Kí nìyí?" Bó bá ṣì í, ẹ má sọ pé kò gbà á, ẹ padà sí ti àkọ́kọ́. Ìró ni kí ẹ pè, kì í ṣe "bí, dí, fí": ọmọ tó mọ "bí" á ka *bàtà* sí "bí-a-tí-a".

Àmì ohùn ńkọ́? Ẹ ṣẹ́ ẹyọ ìgbálẹ̀ sí wẹ́wẹ́. Ẹ fi lẹ́tà tí ẹ gé lára páálí, kì í ṣe ti sánpépà, to *ọkọ* sílẹ̀, kí ẹ gbé ọkọ́ kékeré àti ọkọ̀ ìṣeré sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Ọmọ ni yóò gbé ẹyọ ìgbálẹ̀ lé orí *ọ* ìkẹyìn bí àmì, kó tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín fún *ọkọ́* tàbí sọ́hùn-ún fún *ọkọ̀*.

Ìyá Aláàdìrẹ, Ìtòkú:

Aṣọ ló kù. Ẹ tọrọ àjákù lọ́wọ́ télọ̀: àdìrẹ, aṣọ òkè, léèsì, àrán. Méjì-méjì, íǹṣì mẹ́rin níbùú lóròó. Ẹ fi gèlè di ọmọ lójú kó fọwọ́ wá ìkejì. Ẹ fọ àdìrẹ ẹlẹ́lùú títí omi ẹ̀ á fi mọ́, kí aró má baà lọ sára ògiri yín. Bí iṣẹ́ ara àdìrẹ méjì bá tilẹ̀ yàtọ̀, ẹ má lò wọ́n bí oríṣi aṣọ méjì: ọwọ́ kò ríran, aṣọ kan náà ni lójú ẹ̀. Ẹ ṣẹ́ etí gbogbo wọn, pàápàá aṣọ òkè. Kò ní lo ọ̀sẹ̀ kan kó tó tú.