Zanzibar: ẹ wo òkun àti afẹ́fẹ́ kí ẹ tó san owó ilé

Ẹ̀yin ará, fọ́tò ni ọ̀pọ̀ àlejò Zanzibar, erékùṣù Tanzania nínú Òkun Íńdíà, fi ń yan ibi tí wọn yóò sùn, fọ́tò kì í sì í sọ wákàtí tí wọ́n yà á. Ní etíkun ìlà-oòrùn, ìyẹn Paje, Jambiani àti Matemwe, ẹ̀ẹ̀mejì ni òkun ń fà lóòjọ́. Ó lè fà ju kìlómítà kan lọ, títí dé ibi tí òkúta abẹ́ omi ti ń dá ìgbì dúró. Ẹni tó bá wọ aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ jáde lásìkò náà, iyanrìn ni yóò bá. Ní Kendwa àti Nungwi lápá àríwá, omi kì í fà tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fẹ́ lúwẹ̀ẹ́ nígbàkígbà, ibẹ̀ ni kó gbà.

Bí a ṣe ń ṣírò rẹ̀ nìyí: bí omi bá fà tán, ó tó bíi wákàtí 12 àti ìṣẹ́jú 25 kó tó tún fà tán. Nítorí náà, ojoojúmọ́ ni àkókò rẹ̀ ń fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 pẹ́ sí i. Bó bá fà tán lọ́sàn-án gangan lónìí, tó bá tó bí ọ̀sẹ̀ kan sí i, ọ̀sán gangan ni yóò kún. Òṣùpá tuntun àti òṣùpá àrànmọ́jú ni ìfà àti ìkún rẹ̀ ń pọ̀ jù. Àtẹ àkókò omi Zanzibar wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ wò ó fún ọjọ́ tí ẹ máa lò.

Kì í ṣe pé omi tó fà kò wúlò. Ìgbà náà ni àwọn obìnrin Paje àti Jambiani ń wọnú òkun lọ so ewéko òkun tí wọ́n ń gbìn mọ́ okùn tí wọ́n ta láàárín èèkàn. Ẹ lè rìn débẹ̀, ẹ má kàn tẹ okùn wọn. Ẹ wọ bàtà rọ́bà, torí ẹ̀dá omi dúdú kan tó kún fún ẹ̀gún wà nílẹ̀, ẹ̀gún rẹ̀ a sì máa kán sínú ẹsẹ̀. Ẹ yí padà kí omi tó máa bọ̀. Kòtò tó wà lẹ́yìn yín ló ń kọ́kọ́ kún.

———

Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ lẹ sọ. Ẹ jẹ́ kí n fi afẹ́fẹ́ kún un, torí òun ló sọ ibẹ̀ di ìlú. Kaskazi ń fẹ́ láti àríwá ìlà-oòrùn, nǹkan bí oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹta. Láyé àtijọ́, òun ló ń gbé ọkọ̀ ìgbòkun láti Arébíà àti Íńdíà wá. Kusi láti gúúsù ló ń dá wọn padà, ní agbedeméjì ọdún. Oníṣòwò tó bá ti dé gbọ́dọ̀ dúró de afẹ́fẹ́, wọ́n sì ń fẹ́yàwó, wọ́n ń kọ́ mọ́sálásí. Ti Kizimkazi ní gúúsù ní àkọlé ọdún 500 Híjírà lára ògiri rẹ̀, ìyẹn 1107.

Àwọn Potogí jọba lé Zanzibar lórí kí àwọn ará Oman tó lé wọn ní 1698. Nígbà tó yá, Sayyid Said, súlítáànì Oman, kó ààfin rẹ̀ kúrò ní Muscat wá síbẹ̀, oko kànáfùrù sì gba erékùṣù náà. Ẹrú tí wọ́n kó láti ìhà adágún Nyasa àti Tanganyika ló ń ṣiṣẹ́ oko. Àwọn tí wọ́n kó gba Badagry sọdá Atlántíìkì. Níbí, ọ̀pọ̀ kò kọjá oko kànáfùrù, wọ́n sì kó àwọn mìíràn lọ sí Arébíà. 1873 ni Súlítáànì Barghash ti ọjà ẹrú pa, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń halẹ̀ mọ́ ọn.

Ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà ló wà lórí ilẹ̀ ọjà náà báyìí ní Stone Town, àdúgbò àtijọ́ ìlú Zanzibar. Wọ́n á mú yín wọ yàrá abẹ́ ilẹ̀ kan, wọ́n á ní ibẹ̀ ni ẹrú ń sùn. Ẹ fura díẹ̀: ẹ̀yìn tí ọjà ti tú ni àwọn míṣọ́nnárì kọ́ ilé tó wà lórí rẹ̀, àwọn òpìtàn kan sì ń jiyàn rẹ̀. Ère ẹrú márùn-ún tó wà nínú kòtò níta, tí Clara Sörnäs gbẹ́, ló tọ́ kí ẹ dúró tì pẹ́.

Ẹ má sì fi fọ́tò àtijọ́ retí Beit al-Ajaib, ààfin tí Barghash kọ́ ní 1883. Apá kan rẹ̀ wó ní ọjọ́ 25, oṣù Kejìlá, 2020.

———

Ẹ ṣeun o. Ti ìwé ló kù. Ẹni tó ń ti Nàìjíríà lọ gbọ́dọ̀ ní yẹ́lò kádì, abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú náà sì gbọ́dọ̀ ti pé ọjọ́ 10 kó tó dé. Láti oṣù Kẹwàá 2024, àlejò ní láti ra ìdójútòfò ti ìjọba Zanzibar fúnra rẹ̀, dọ́là 44 fún àgbàlagbà. Èyí tí ẹ rà nílé kò dípò rẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi láti Dar es Salaam ń lo bíi wákàtí méjì. Wọ́n á tún wo pásípọ́ọ̀tù yín ní èbúté, bẹ́ẹ̀ Tanzania kan náà ni. Ẹ má di ẹrù sínú ọ̀rá, Tanzania ti fòfin dè é láti 2019.

Aago náà máa ń da àlejò láàmú. Láti òwúrọ̀ aago mẹ́fà ni wọ́n ti ń kà á: bí ọlọ́kọ̀ bá ní saa mbili, aago mẹ́jọ àárọ̀ ló ń wí. Ẹ bi í léèrè lẹ́ẹ̀mejì, torí ọkọ̀ tó ń tẹ̀lé omi kì í dúró.

Oṣù Kẹta sí Ìkarùn-ún ni òjò masika. Ilé a dínwó, àwọn òtẹ́ẹ̀lì kan a tilẹ̀ tì. Paje dùn fún àwọn tó ń so aṣọ afẹ́fẹ́ mọ́ra sáré lórí omi nígbà kusi. Ẹni tó fẹ́ omi tó parọ́rọ́ kó yẹra.

———

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni tèmi. Ní ọgbà Forodhani ní Stone Town lálẹ́, ẹ mu urojo, ìyẹn ọbẹ̀ wọn tó kan díẹ̀, kí ẹ jẹ mishkaki, tó dà bíi súyà wa. Ẹja àti edé tó ti wà lórí tábìlì láti ìrọ̀lẹ́, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ sì béèrè iye kí wọ́n tó gbé e sórí iná.