Ọkọ̀ wa ń gbóná nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, wọ́n ní ká tú ẹ́ńjìnnì: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ìbejì:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá àti ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ilé wa ni mo gbé wá. Ó ti pé ọdún 17, ọdún 9 nínú rẹ̀ ló ti lò lọ́wọ́ wa. Òun ló ń gbé àwọn ọmọ lọ sílé ẹ̀kọ́, òun náà ló ń gbé ìyá ọkọ mi lọ sí ọsibítù.

Ohun tó ń ṣe é nìyí. Bí a bá wọ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, kò ní ju ìṣẹ́jú 10 lọ tí abẹ́rẹ́ ìgbóná á fi bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan H. Bí ọ̀nà bá ti là tí mo tẹná mọ́ ọn, á sọ̀ kalẹ̀, kódà á sọ̀ dé ẹ̀gbẹ́ C, bíi pé mi ò tíì wa ọkọ̀ náà rárá lọ́jọ́ yẹn. Omi rédíétọ̀ ń dín. Bí ìgò kékeré kan ni mo máa ń bu sí i lọ́sẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò rí omi nílẹ̀ níbi tí a ń gbé e sí.

Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ pààrọ̀ wọ́tà pọ́ǹpù, ó sì yọ tẹ́mọ́sítáàtì (ilẹ̀kùn kékeré tó wà lójú ọ̀nà omi ẹ́ńjìnnì) dànù, ó ní ọkọ̀ kò nílò rẹ̀. Kò yí padà. Ẹnì kejì gbọ́ àlàyé mi tán, kò tilẹ̀ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ní tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì (ìdí tín-ín-rín tó wà láàárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara rẹ̀) ti jó, ká tú ẹ́ńjìnnì. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ tẹ́mọ́sítáàtì yẹn náà ni iná ẹ́ńjìnnì ti tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Láàárọ̀, kíkìstátà tún ń fà wọ́ọ́rọ́wọ́ kó tó mú.

Ṣé tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ni lóòótọ́? Ọkọ mi ní ká tà á. Ẹ̀rù ń bà mí láti tú ẹ́ńjìnnì tí kò jẹ ọ́ìlì rí.

Awakọ̀ Àgbà:
Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ìyá Ìbejì. Kí àwọn tó mọ̀ jù mí lọ tó dáhùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wa ọkọ̀ tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ ti ń súnmọ́ H mọ́, ì báà ṣe pé ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ délé. Alumíníọ̀mù ni orí ẹ́ńjìnnì ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Tó bá gbóná kọjá ààlà, á wọ́, ìgbà yẹn gan-an ni gásíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń dẹ́rù bà yín á wá jó lóòótọ́. Bó bá ká yín mọ́ ọ̀nà, ẹ pa AC, ẹ ṣí hítà débi tó lè dé. Ooru á mú yín nínú ọkọ̀, àmọ́ ara ẹ́ńjìnnì ni ooru náà ti ń kúrò. Ẹ wá ibi tí ẹ lè dúró sí, ẹ pa á.

Ẹ má fọwọ́ kan ìdérí rédíétọ̀ títí yóò fi tutù débi tí ẹ lè fọwọ́ di rọ́bà òkè mú. Mo fi ìkánjú ṣí i lọ́jọ́ kan. Omi náà fò jáde, ó bó mi lápá dé ìgbọ̀nwọ́. Àpá rẹ̀ ṣì wà lára mi.

Ọ̀gá Mẹkáníìkì:
Ìyá Ìbejì, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú ẹ́ńjìnnì yẹn o. Ẹ ti fẹnu ara yín sọ ohun tó ń ṣe é. Ọkọ̀ tó ń gbóná lórí ìdúró, tó ń tutù lórí eré, afẹ́fẹ́ ni kò rí. Bí ẹ bá ń sáré, atẹ́gùn iwájú ló ń fẹ́ sí rédíétọ̀. Bí ẹ bá dúró, fáànù nìkan ló kù. Ọkọ̀ tí tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti jó sábà máa ń gbóná jù níbi tí ẹ́ńjìnnì ti ń ṣe wàhálà: orí eré, tàbí bó bá ń gun òkè.

Ẹ ṣe àyẹ̀wò yìí lọ́la láàárọ̀, kí ọkọ̀ tó gbóná rárá. Ẹ ṣí ìdérí rédíétọ̀, ẹ sítáàtì ọkọ̀, ẹ wò ó bóyá afẹ́fẹ́ ń tú jáde nínú omi láìdáwọ́ dúró. Ẹ wo ẹ̀yìn bóyá èéfín funfun tó ní òórùn dídùn ń jáde. Ẹ fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ, ẹ wò ó bóyá ọ́ìlì ti funfun bíi wàrà. Lẹ́yìn náà, ẹ dé rédíétọ̀, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ lórí ìdúró, kí ẹ máa ṣọ́ abẹ́rẹ́. Ó yẹ kí fáànù bẹ̀rẹ̀ kí abẹ́rẹ́ tó kọjá àárín púpọ̀. Ẹ tan AC náà wò. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń lo fáànù oníná, bí AC bá ti tàn, fáànù á yí. Bí abẹ́rẹ́ bá ti dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, ẹ pa á kíá.

Onímọ́tò:
Mo gbà pẹ̀lú ọ̀gá, àmọ́ ẹ má dá ẹni tó yọ tẹ́mọ́sítáàtì lẹ́bi. Ọdún 3 nìyí tí wọ́n ti yọ tèmi, kò ṣe nǹkan kan.

Ọ̀gá Mẹkáníìkì:
Ó ń ṣe nǹkan, ẹ kò tíì rí i ni. Tẹ́mọ́sítáàtì ló ń ti ilẹ̀kùn mọ́ omi títí ẹ́ńjìnnì yóò fi gbóná dé ìwọ̀n tó yẹ, tí kì í sábà kúrò láàárín 82 sí 90 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí ẹ bá yọ ọ́, ẹ́ńjìnnì á máa tutù jù lórí eré. Ìdí nìyẹn tí abẹ́rẹ́ Ìyá Ìbejì fi ń wọlẹ̀ dé C. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á gbà pé ẹ́ńjìnnì kò tíì gbóná, á máa da epo sí i ju bó ṣe yẹ lọ. Bí wọ́n bá fi ẹ̀rọ ka iná tó tàn yẹn, kò ní yà mí lẹ́nu bó bá jẹ́ P0128 ló gbé jáde. Ohun tí kóòdù náà ń sọ ni pé ẹ́ńjìnnì kò gbóná tó.

Èyí tó ń dùn mí jù ni pé nínú ẹ́ńjìnnì tí kò gbóná tó, oru omi á kóra jọ sábẹ́ ìdérí ọ́ìlì, á funfun bí ọ̀rá. Mo ti rí ọkọ̀ tí wọ́n tú orí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ nítorí ọ̀rá yẹn nìkan. Gásíkẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀ láìlábàwọ́n. Owó ẹni ẹlẹ́ni ti lọ.

Onímọ́tò:
Ẹ ṣeun, ọ̀gá. Epo tí tèmi ń jẹ ti ń yà mí lẹ́nu láti ìgbà yẹn. Màá dá a padà.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ṣe gbogbo rẹ̀ láàárọ̀ yìí, mo sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ bí mo ṣe ń ṣe é. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ tú jáde nínú omi níbẹ̀rẹ̀, ó sì dáwọ́ dúró. Kò sí èéfín. Ọ̀pá ọ́ìlì mọ́. Àmọ́ ọ̀rá funfun yẹn wà lábẹ́ ìdérí tí a ti ń da ọ́ìlì. Ká ní mi ò tíì ka ọ̀rọ̀ yín ni, àyà mi ì bá já.

Fáànù kò yí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo tan AC, kò yí. Abẹ́rẹ́ dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, mo pa á.

Rẹwáyà:
Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ibi tó kàn mí la dé yìí. Ẹ má tíì ra fáànù o. Ó lè jẹ́ fíúùsì, ó lè jẹ́ rílè (ohun kékeré tó ń tan iná sí fáànù), ó lè jẹ́ sẹ́ńsọ̀ (èyí tó ń mọ bí omi ṣe gbóná tó) tàbí wáyà, ó sì lè jẹ́ mọ́tò fáànù fúnra rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan tó mọ̀ nípa iná díẹ̀ dúró tì yín. Kí ẹ́ńjìnnì wà ní pípa, kó sì tutù, kí kọ́kọ́rọ́ sì kúrò lójú ihò, torí fáànù àwọn ọkọ̀ kan lè yí lójijì bí ẹ́ńjìnnì bá ṣì gbóná, ó sì lè gé ìka.

Ẹ kọ́kọ́ yọ fíúùsì tí wọ́n kọ FAN sí wò. Bó bá dára, ẹ yọ rílè fáànù, ẹ wá èyí tó bá a dọ́gba nínú àpótí kan náà. Rílè họ́ọ̀nù sábà máa ń bá a mu, ẹ ṣáà wo nọ́ńbà ara àwọn méjèèjì. Ẹ fi ọ̀kan sí àyè èkejì, kí ẹ tún dán AC wò. Bí fáànù bá yí, rílè nìkan lẹ máa rà. Bí kò bá yí, ẹ pa ọkọ̀, ẹ yọ ẹnu wáyà fáànù, ẹ fa wáyà méjì láti orí bátìrì lọ sí mọ́tò náà tààrà, kí fíúùsì wà lójú ọ̀nà wáyà pọ́sítíìfù. Bó bá yí báyìí, mọ́tò kò ní àìsàn, sẹ́ńsọ̀ àti wáyà la máa wá lọ. Bí kò bá yí, òun gan-an ló kú.

Ìyá Ìbejì:
Àbúrò ọkọ mi ló bá mi ṣe é. Fíúùsì dára. A lo rílè họ́ọ̀nù, kò yí. A fún un ní iná tààrà, kò yí, àmọ́ nígbà tó fi igi gígùn tì í díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ó ń dún gbùrùgbùrù. A yọ iná, a tún fi í padà, kò yí mọ́ àfi ìgbà tí a tún tì í. Kí lèyí túmọ̀ sí?

Ọ̀gá Mẹkáníìkì:
Kábọ́ọ̀nù inú mọ́tò náà, èyí tó ń gbé iná wọ inú rẹ̀, ló ti jẹ tán. Ẹ pààrọ̀ mọ́tò náà.

Ní ti omi tó ń dín láìhàn nílẹ̀, ìdérí rédíétọ̀ ni mo fura sí. Kì í ṣe ọmọrí ìkòkò lásán o. Ó ń há omi mọ́ inú pẹ̀lú agbára, ìyẹn ló jẹ́ kí omi lè kọjá 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius láìhó. Ẹ máa rí nọ́ńbà bíi 0.9 tàbí 1.1 lórí rẹ̀, ìyẹn ni ìwọ̀n agbára náà. Bí rọ́bà abẹ́ rẹ̀ bá ti sán, omi á tètè hó, á bọ́ sínú ìgò ẹ̀gbẹ́, á sì di oru lọ. Ẹ wo ọrùn rédíétọ̀ bóyá àpá omi gbígbẹ wà níbẹ̀. Èyí tí ẹ bá máa rà, kí nọ́ńbà rẹ̀ bá ti àtijọ́ mu. Bó bá ga jù ú lọ, rọ́bà tó ti gbó lè bẹ́.

Kí wọ́n tó da omi tuntun sí i, ẹ ní kí wọ́n fi pọ́ǹpù tẹ afẹ́fẹ́ sínú rédíétọ̀ nígbà tó tutù, kí ẹ jọ máa wo géèjì rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15. Bí kò bá wálẹ̀, ibòmíràn kò jò. Kí wọ́n dá tẹ́mọ́sítáàtì padà. Kí wọ́n da omi lásán yẹn nù, ìpẹtà ló ń fà. Kúláǹtì (oògùn omi rédíétọ̀) ààbọ̀, omi dísítíìlì ààbọ̀ ni kí wọ́n dà sí i.

Rẹwáyà:
Ti kíkìstátà yẹn, ẹ wo orí bátìrì kí ẹ tó ra òmíràn. Bí ìyẹ̀fun funfun tàbí aláwọ̀ ewé bá wà níbẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ tún dè é le. Bátìrì tó kún máa ń fi bíi 12.6 fóòtì hàn nígbà tí ẹ́ńjìnnì wà ní pípa. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, kó wà láàárín 13.8 sí 14.5.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo ti dé o. Wọ́n ti pààrọ̀ mọ́tò fáànù. Rọ́bà abẹ́ ìdérí ti sán yíká, bí ọ̀gá ṣe sọ gẹ́lẹ́. Èmi náà dúró ti géèjì fún ìṣẹ́jú 15, kò mira. Tẹ́mọ́sítáàtì ti padà sáyè rẹ̀. Orí bátìrì ló tú, a fọ̀ ọ́, a dè é, kíkìstátà ń mú lẹ́ẹ̀kan náà báyìí, fóòtì sì jẹ́ 14.2.

Lánàá, a há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ fún ìṣẹ́jú 40. Abẹ́rẹ́ dúró ní àárín. Mo ń gbọ́ bí fáànù ṣe ń bẹ̀rẹ̀, tó sì ń dákẹ́. Iná ẹ́ńjìnnì ti kú fúnra rẹ̀. Ọkọ mi kò sọ̀rọ̀ títà mọ́.

Ọ̀gá Mẹkáníìkì:
Inú mi dùn gan-an. Ẹ máa wo ìgò omi ní àràárọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, kí ọkọ̀ tó gbóná. Afẹ́fẹ́ tó bá há sínú ẹ́ńjìnnì á máa jáde díẹ̀díẹ̀, omi á sì wọlẹ̀.

Ìyá Ìbejì:
Ó wọlẹ̀ ní ìwọ̀n ìka kan láàárọ̀ àná, mo bù ú kún. Láàárọ̀ yìí, kò wọlẹ̀.